Ọ̀nà Àpápá sí Òwòròǹṣòkí Kì í Ṣe Gáréèjì Trélà

Ó tó gẹ́ẹ́! Ọ̀nà tí wọ́n là kí ẹrù wúwo má baà gba àárín ìgboro Èkó ni ẹrù wúwo wá ń sùn sí lójú wa kòrókòró. Ẹni tó bá fẹ́ ti Mile 2 lọ sí èbúté Tin Can, ìrìn tí kò yẹ kó gba mọ́tò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá trélà fi àyè sílẹ̀ lónìí. Bí kò bá sí àyè, ọ̀kadà ló kù, ọ̀kadà ọ̀hún á sì máa yọ́ kọjá láàárín táńkà méjì, taya tó ga dé àyà èèyàn lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Ṣé bí wọ́n ṣe yà á sórí ìwé nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ìdí tí ọ̀nà yìí fi wà, nítorí ó jọ pé àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ti gbàgbé. Kó tó wà, ohunkóhun tó bá jáde ní èbúté Àpápá, Ìjọra ni yóò gbà, á gun Western Avenue, èyí tí a ń pè ní Funsho Williams Avenue báyìí, á já sí Ìkòròdú Road, á sì máa bá dánfó du ọ̀nà. Nígbà tó di 1975, ìjọba Gowon ti ra sìmẹ́ǹtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, èbúté ò sì lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ojú omi tò sójú òkun, wọ́n ń dúró. Ìtìjú yẹn ló mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní October 1977. Láàárín 1975 sí 1978 ni Julius Berger la ọ̀nà Àpápá sí Òwòròǹṣòkí. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí i ní 1978, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Èbúté tuntun, ọ̀nà àyípo yìí tó ń yẹra fún àárín ìgboro, ọ̀nà Ìbàdàn: èrò kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ẹ sì wo bó ṣe lọ. Ó gbéra lẹ́nu èbúté, ó gba iwájú Tin Can, ó pàdé ọ̀nà Badagry ní Mile 2, ó gba Cele àti Ìlasà dé Ìyànà Ìsọlọ̀, ó kọjá ojú irin àti Agége Motor Road ní Òṣòdì, ó ré Ìkòròdú Road kọjá ní Anthony, ó gba Gbágada já sí Òwòròǹṣòkí. Níbẹ̀ ni apá kan ti yà gba Ògùdù lọ sí Ọjọ́ta, kó lè bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Apá kejì ń wọ afárá Third Mainland, èyí tí abala àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí ní 1980, tí odidi rẹ̀ sì parí ní 1990. Trélà tó bá gba ọ̀nà yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Òjúẹlẹ́gba, kò ní fojú kan Yábàá. Ẹni tó ya ọ̀nà yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ẹrù tó ń lọ kò lè gba ẹrù tó dúró. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà! Wọ́n fi èbúté méjì sí ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n fi oko táńkì epo, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí, kún un ní Àpápá àti Kìríkìrì, wọn ò sì wá ilẹ̀ tó tó fún ọkọ̀ tó ń dúró de ẹrù. Òpó epo, ìyẹn páìpù, wà lábẹ́ ilẹ̀ láti Atlas Cove létí òkun Èkó lọ sí ibùdó epo Mosimi nítòsí Ṣàgámù, tó yẹ kó máa gbé epo lọ láìsí táńkà kankan lójú títì. Àwọn olè ń lu òpó náà, wọ́n ń fa epo rẹ̀, epo bá gun orí táya. Táńkà tó gba 33,000 lítà, bẹntiróòlù inú rẹ̀ nìkan wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 24. Èyí tó gba 45,000 lítà, nǹkan bí 33, a ò tíì ka irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2021, wọ́n sì fa á dé èbúté Àpápá. Síbẹ̀, ẹ lọ dúró ní Mile 2 kẹ́ ẹ ka kọ̀ńténà tó ń gba orí títì kọjá.

Ohun tó ń dun ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀nà ni pé gbogbo bí ọ̀nà yìí ṣe bà jẹ́ nígbà tí ọ̀dà ṣì wà lójú rẹ̀ ló ní àlàyé, kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dà kì í ṣe òkúta. Bí oòrùn Èkó bá pa á, ó ń rọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré kọjá kò ní dúró pẹ́ tó kí ọ̀dà fi tẹ̀, ṣùgbọ́n trélà tó dúró lójú kan fún ọjọ́ méjì yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ipa taya á fi di poro bíi ti oko ẹ̀gẹ́. Dísù tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì á máa yọ́ ọ̀dà kúrò lára òkúta. Bí òjò bá wá rọ̀, omi á dúró sínú poro, á ráyè wọ ìsàlẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á rọ̀, taya tó ń bọ̀ á sì ṣí kòtò. Ẹ wo ti ẹrù àpọ̀jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Illinois ní Amẹ́ríkà láti 1958 sí 1960 ló fi hàn pé bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá ìdí taya, irin tó so taya ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà á di nǹkan bí ìlọ́po 16. Ọ̀pá tó yẹ kó ru tọ́ọ̀nù 10, tí wọ́n gbé 13 lé, ìbàjẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń jẹ́ kí trélà jáde ní èbúté láì wọ̀n ọ́n ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò.

Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnṣe ọ̀nà náà fún iléeṣẹ́ Dangote, kìlómítà 34 títí dé Ọjọ́ta, 72.9 bílíọ̀nù náírà, tí wọ́n á máa yọ kúrò nínú owó orí tó yẹ kí iléeṣẹ́ náà san. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Ó dáa, a kí wọn. Kọnkéré kò ní rọ̀ lóòrùn, dísù kò sì lè yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn wá pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n gé kọnkéré sí abala abala, wọ́n sì di ojú ibi tí abala méjì ti pàdé kí omi má ba à wọlé. Nǹkan tí wọ́n fi dí i yẹn ń gbó, ó ń ya. Bí ẹ ò bá tún un dí, omi á wọlé. Bí trélà bá ti ń gun etí abala kan, ó ń tẹ omi yẹn jáde, omi ọ̀hún á sì máa fọ yanrìn abẹ́ rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó bá yá, ihò ti wà lábẹ́ igun kọnkéré. Trélà kan ṣoṣo ló kù, igun á sì kán. Àtúnṣe kọnkéré tó ti kán sì le ju ti ọ̀dà lọ: ẹ ó gé e, ẹ ó hú u, ẹ ó da tuntun, ẹ ó dúró kó gan kí ọkọ̀ tó gun ún, ẹ ó sì ti ọ̀nà pa ní gbogbo àsìkò yẹn. Mile 2 sì rèé, ilẹ̀ àbàtà, omi ò jìnnà sísàlẹ̀, ọ̀rá omi píọ́ sì ti dí gọ́tà pa. Ta ló ń kó gọ́tà yẹn?

Ní February 2021 ni wọ́n gbé ètò kan dé tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀tọ́. Ó rọrùn lórí ìwé: olówó ọkọ̀ á gba àyè lórí fóònù, trélà á dúró sí gáréèjì tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n á pè é, á wá jáde lọ sí èbúté. Ó sì tún nǹkan ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò ní àyè bá lè san owó ní ìdènà kan sí òmíràn títí á fi dé ẹnu géètì, kí ni ẹni tó dúró sí gáréèjì jẹ nínú ìgbọràn rẹ̀? Òun náà á gun orí títì lọ́la.

Ẹ má sì rò pé sún kẹrẹ fà kẹrẹ nìkan ni ìyà tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀nà àyípo bá dí, trélà á padà sí ọ̀nà tí wọ́n ní kó kúrò: Ìjọra, Funsho Williams Avenue, afárá Òjúẹlẹ́gba. Ní September 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá yẹn lé mọ́tò lórí, èèyàn mẹ́ta kú. Ní January 2023, ibẹ̀ kan náà, kọ̀ńténà tún wó lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án lọ. Igun mẹ́rin ni kọ̀ńténà ní, irin tí wọ́n ń yí tì wà fún igun kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tí kò tì wọ́n ń rò pé bí kọ̀ńténà bá fẹ́ ṣubú, kó ṣubú nìkan, kó má fa ọkọ̀ òun lọ. Sórí ta?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàkóso èbúté àti ọ̀nà, kẹ́ ẹ wọn gbogbo trélà kó tó jáde ní géètì, kẹ́ ẹ dá èyí tó wúwo jù padà. Kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣẹ́jú kan ò lè kọjá lórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ kó gọ́tà láti Tin Can dé Cele kí òjò March tó dé, kẹ́ ẹ sì kó ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá hú lọ, kì í ṣe kẹ́ ẹ kó o jọ sétí gọ́tà kí òjò tún gbá a padà sínú rẹ̀.