Kì í ṣe Fágúnwà o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé Fágúnwà ló kọ ewì "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́", ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. J.F. Ọdúnjọ ló ni ín, ọmọ Ìbarà l'Ábẹ́òkúta, 1904 ni wọ́n bí i, inú Aláwìíyé tó kọ fáwọn ọmọ iléèwé ló wà. Fágúnwà ní tiẹ̀, ìtàn ọdẹ àti iwin ló fi lórúkọ. Ọdúnjọ tiẹ̀ ṣe mínísítà ní Western Region, àmọ́ ta ló rántí ìyẹn? Ibi tó ti dárúkọ ẹṣin bàbá nínú ewì yẹn lèmi ò lè gbàgbé, torí mi ò tíì fojú rí ẹṣin nígbà yẹn, a kàn ń pariwo ẹ̀ ní kíláàsì ni, tíṣà á máa fi pàṣán lu tábìlì.