Mọ́nítọ̀ Olówó Gọbọi Kọ́ Ló Ń Mú Èèyàn Borí Nídìí Géèmù

Ó ti di ohun tí àwọn tó ń gbá géèmù ń sọ fúnra wọn: mọ́nítọ̀ 144 hertz ò tó nǹkan mọ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ òun yá gbọ́dọ̀ lọ wá owó 360 tàbí 540. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìṣirò tí ò le ló sì máa fi hàn.

Hertz ni iye ìgbà tí ojú mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ẹ bá fi pín 1,000, ẹ ó rí iye mílísẹ́kọ́ńdì tí àwòrán kan ń lò kí òmíràn tó rọ́pò ẹ̀. Ní 60, ó jẹ́ 16.7. Ní 144, ó já sí 6.9. Ní 240, 4.2, ní 360, 2.8. Ẹni tó kúrò ní 60 bọ́ sí 144 jèrè nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 10, bó bá ṣáà ti mi máòsì báyìí ló máa rí i. Ẹni tó kúrò ní 144 bọ́ sí 240 ò jèrè tó 3. Láti 240 dé 360, ẹyọ kan àti díẹ̀. Láti 360 dé 540, kò pé ẹyọ kan. Ibi tí èrè ti ń tín-ín-rín yìí gan-an ni owó ti ń fò sókè.

Kì í ṣe pé hertz tó pọ̀ ò wúlò o. Bí nǹkan bá ń sáré kọjá ní píksẹ́lì (àwọn ẹ̀rún kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 960 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí ojú yín sì ń tẹ̀ lé e, ní 60 hertz á máa fa ìrù píksẹ́lì 16 lẹ́yìn. Ní 120, 8. Ní 240, 4. Ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn bíi Counter-Strike tàbí Valorant fún ìdíje á rí orí ọ̀tá kedere sí i, tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bá ṣáà lè pèsè àwòrán tó tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Mọ́nítọ̀ kì í dá àwòrán yà. Graphics card inú kọ̀ǹpútà ló ń yà á, ti mọ́nítọ̀ ni kó gbé e jáde. Bí card yín bá ń yọ àwòrán 90 láàárín sẹ́kọ́ńdì, mọ́nítọ̀ 360 á kàn máa tún àwòrán kan náà gbé síta ni. 4K tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 3840 lọ́nà 2160 lé ní mílíọ̀nù 8 píksẹ́lì, ìlọ́po mẹ́rin 1080p (1920 lọ́nà 1080). Card tó ń sáré geerege lórí 1080p lè máa wọ́ lórí 4K. Kí ẹ tó náwó, ẹ tan nọ́ńbà FPS (iye àwòrán tí card ń yọ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan) nínú géèmù tí ẹ máa ń gbá jù, ẹ wọ ibi tí ìjà àti èéfín ti pọ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù, kì í ṣe èyí tó ga jù. Bí ò bá kọjá 100, ẹ ò nílò ju 144 lọ. Tó bá sì jẹ́ PS5 tàbí Xbox Series X lẹ ní, 120 ni òpin wọn.

Ẹ má tún jẹ́ kí àkọlé ara páálí tàn yín. «1ms» yẹn, ìyẹn iye mílísẹ́kọ́ńdì tí píksẹ́lì fi ń yí àwọ̀ padà, ibi tí wọ́n ti gbé overdrive (ètò tó ń ti píksẹ́lì kó tètè yí àwọ̀) dé góńgó ni wọ́n sábà máa ń ti wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e síbẹ̀ nílé, ẹ ó rí òjìji funfun kan tó ń tẹ̀ lé gbogbo ohun tó ń rìn, nítorí píksẹ́lì ti kọjá àwọ̀ tó yẹ kó dúró sí. Àárín ni kí ẹ fi sí. Àkọlé DisplayHDR 400, tó ń ṣèlérí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn tó yàtọ̀ síra gan-an, náà ò béèrè ju ìmọ́lẹ̀ 400 nits lọ, kò sì pọn dandan kí iná ẹ̀yìn ojú mọ́nítọ̀ lè pa níbi tó ṣókùnkùn. Nítorí náà, òru inú géèmù á kàn rí bí eérú ni.

Ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé mọ́nítọ̀ 144 àwọn ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, orí 60 ló wà látìgbà tí wọ́n ti rà á. Windows lè fi í síbẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ yan iye tó ga jù níbẹ̀. Bí 144 ò bá jáde, ẹ wo wáyà: HDMI àtijọ́ ò lè gbé 1440p (2560 lọ́nà 1440) ní 144, ẹ lo wáyà DisplayPort. Ara graphics card ni kí ẹ kì í bọ̀, ẹ má kì í bọ motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà). Lẹ́yìn náà, ẹ tan FreeSync tàbí G-Sync, tó ń mú kí mọ́nítọ̀ bá card rìn ní ìwọ̀n kan náà, kí àwòrán má máa ya sí méjì. Láti January 2019 ni card Nvidia ti ń bá ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́, kò sídìí láti máa san owó gegere torí àmì G-Sync. Ẹ fi ìdíwọ̀n sí FPS ní 141, kó má baà máa forí gbá òpin 144.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, íǹṣì 27, 1440p, ojú mọ́nítọ̀ irú IPS, láàárín 144 sí 180 hertz ti tó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú owó yín, ẹ gbé e sórí graphics card.

Ojú mọ́nítọ̀ irú OLED nìkan ni mo lè sọ pé owó ńlá ẹ̀ hàn lójú. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara ẹ̀, dúdú ẹ̀ dúdú lóòótọ́, ó sì ń yí àwọ̀ padà kíákíá láìsí ẹ̀tàn overdrive. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan, bíi taskbar tàbí máàpù géèmù, lè fi àpá sílẹ̀, etí lẹ́tà sì máa ń ní àwọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ tẹ iṣẹ́ ọ́fíìsì lórí ẹ̀, IPS ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá sì rà á, kó má máa pa iná ẹ̀ láti ara ògiri tó bá ti gbá géèmù tán: ìgbà tí mọ́nítọ̀ náà bá sùn ló máa ń tún píksẹ́lì ẹ̀ ṣe, iná ló sì fi ń ṣe é.