Mélòó nínú mélòó ló kú?

Bí àrùn tuntun bá ti yọjú níbì kan láyé, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà: èèyàn mélòó ló ń pa nínú àwọn tó bá kó o? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá arúgbó nílé fẹ́ mọ̀, nọ́ọ̀sì tó máa wọlé iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la fẹ́ mọ̀, ìjọba tó ń rò ó bóyá kóun ti iléèwé pa gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tó ń bí wa nínú ni irú èsì tí wọ́n máa ń fún aráàlú. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jù sáàárín èrò. Wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n fi pín in, wọn ò sì ní sọ bó ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó. Bí iye náà bá wá yí padà lóṣù kejì, kálukú á ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa?"

Ẹ jẹ́ ká mú ti kòrónà. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà 2020, Tedros Adhanom Ghebreyesus, ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ fáwọn oníròyìn pé nǹkan bí ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ròyìn pé wọ́n ní àrùn náà ló ti kú. Lọ́jọ́ yẹn, 90,893 èèyàn ló wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ náà, 3,110 sì ti kú. Ẹni tó bá fi iye kan pín èkejì, 3.4 náà ló máa rí. Kò sí àbùkù kankan nínú ìṣirò ọ̀hún. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, "nínú àwọn tí wọ́n ròyìn" ti já bọ́ lójú ọ̀nà, ohun tó kù lẹ́nu èèyàn kò ju pé kòrónà ń pa ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Fox News, ó ní ayédèrú ni iye yẹn, pé ohun tí ọkàn òun ń sọ fún òun ni pé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rárá.

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Kí oṣù náà tó parí, àwọn onímọ̀ tó tú àkọsílẹ̀ Ṣáínà wò gbé iṣẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n ní bí a bá ka gbogbo ẹni tó kó àrùn náà, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ṣàyẹ̀wò fún, nǹkan bí ìdá 0.66 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú níbẹ̀. Iye tí Tedros pè tọ̀nà fún ohun tó kà. Ohun tí Trump fi ọkàn rò náà sì bọ́ sítòsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn èèyàn kì í ṣe ibi tó yẹ kí ààrẹ ti máa mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ẹnikẹ́ni ò jókòó ti aráàlú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ohun tí aráàlú wá rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àlàyé náà ò sì le. Níbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni wọ́n máa ń rí ṣàyẹ̀wò fún. Ẹni tó wúkọ́ díẹ̀, tó mu omi gbígbóná, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí iye àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n kó o bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àrùn náà á dà bí apààyàn ju bó ṣe rí gan-an. Àmọ́ ikú náà ní ìdádúró tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn lónìí lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí ibùsùn kó tó kú. Bí a bá ṣírò lónìí, orúkọ rẹ̀ á wà láàárín àwọn tó kó àrùn, kò ní sí láàárín àwọn tó kú, àrùn náà á sì dà bí èyí tó rọrùn ju bó ṣe jẹ́. Àṣìṣe méjèèjì yìí ń fà lọ sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú iye kan lásán kó mọ èyí tó lágbára jù nínú wọn.

Èyí tó ń mú kí àrùn dà bí èyí tó rọrùn ni Ébólà fi hàn wá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2014. Iye gbogbo tó wà nínú àkọsílẹ̀ nígbà tí àjàkálẹ̀ náà fi parí lé ní 28,600, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kú lára wọn lé ní 11,300, ìyẹn nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé kìkì àwọn tí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe já sí, bóyá wọ́n kú tàbí wọ́n yè é, nǹkan bí 70 ni wọ́n rí nínú ọgọ́rùn-ún. Ti SARS, àrùn èémí kan tó jọ kòrónà, lọ́dún 2003 náà ò jìnnà sí i. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di 14 sí 15 nínú oṣù Èbìbí, ó sì balẹ̀ sí bíi mẹ́wàá nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Inú oṣù Èbìbí yẹn kan náà ni àjọ náà sọ pé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń kú, nígbà tó ju ìlàjì lọ nínú àwọn tó ti pé 65. Iye kan ṣoṣo wo ni èèyàn fẹ́ fi ṣe àpapọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti bàbá àgbà rẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ á ṣì pé?

Ibì kan wà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo èèyàn tán. Ọkọ̀ ojú omi Diamond Princess ni, èyí tí wọ́n sé mọ́ ní èbúté Yokohama ní Jàpáánù ní oṣù Èrèlé 2020. Àwọn èrò àti òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 3,711. Wọn ò lè lọ síbì kankan, wọ́n sì ṣàyẹ̀wò fún wọn, ì báà jẹ́ ẹni tó ń húkọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Àwọn 712 ló kó kòrónà, nǹkan bí ìlàjì wọn kò sì ní àmì àìsàn kankan lára lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò wọn. Ká ní orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, ta ni ì bá mọ̀ nípa wọn? Àwọn tó kú níkẹyìn kò ju mẹ́rìnlá lọ. Ìyẹn kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó rin ìrìn àjò afẹ́ yẹn sì tún jẹ́ àgbàlagbà jù. Ẹni tó bá gbé iye yìí lọ sí orílẹ̀-èdè tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí máa dẹ́rù bà wọ́n lásán. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Kíkà òkú gan-an ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èyí ò lè ní àríyànjiyàn, torí òkú kì í fara pa mọ́. Ó máa ń fara pa mọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Igbe 2020, ìlú Wuhan fi 1,290 kún iye òkú rẹ̀ lójijì, ó di 3,869. Lára àwọn tí wọ́n fi kún un ni àwọn tó kú sílé wọn nígbà tí ilé ìwòsàn kún àkúnya. Ní oṣù Ògún ọdún kan náà, Ìlú Ọba yọ èyí tó lé ní 5,000 kúrò nínú tiwọn, wọ́n ní ẹni tó bá kú láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn àyẹ̀wò nìkan làwọn á máa kà mọ́ ọn. Peru ló ga jù: 69,342 ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nígbà tó di ìparí oṣù Èbìbí 2021, ìjọba wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé 180,764 ni.

Ní Lusaka, olú ìlú Sáḿbíà, àwọn olùwádìí ṣàyẹ̀wò fáwọn òkú tí wọ́n gbé wá sí mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀ láàárín ọdún 2020. Wọ́n bá kòrónà lára èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn wọ̀nyí kò kú sílé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàyẹ̀wò fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń sọ nígbà náà pé àrùn náà ò dé Áfíríkà, ṣé wọ́n ka àwọn yẹn?

Àpapọ̀ tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé ló wá jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye òkú kòrónà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu ara wọn pè fún ọdún 2020 àti 2021 jẹ́ mílíọ̀nù 5.4. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi iye àwọn tó kú lọ́dún méjèèjì wé iye tó yẹ kó kú ká ní àrùn náà ò wá, ó rí mílíọ̀nù 14.9 gẹ́gẹ́ bí àlékún. Àwọn tí kòrónà pa wà nínú rẹ̀, àwọn tí àìsàn mìíràn pa torí pé ilé ìwòsàn kò ráyè tiwọn náà wà níbẹ̀. Àjọ náà ò sì purọ́ pé ó dá òun lójú. Ó ní ó lè jẹ́ mílíọ̀nù 13.3, ó sì lè tó 16.6. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní nìyẹn.

A ò ní fi ìyà jẹ apá kan nìkan. Àwọn tó ń gbé e kiri pé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè é, pé kí ló wá ń dáyà já èèyàn, àwọn náà ń fi iye lásán tan ara wọn ni. SARS tó pa bí ìdá mẹ́wàá àwọn tó mú, òkú tirẹ̀ ò pé 800 káríayé. Kòrónà tí ọ̀pọ̀ ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ fi sí ìsàlẹ̀ tàbí ìtòsí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, òkú tirẹ̀ di ti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, torí pé kò síbi tí kò dé. Ìdá kékeré lára ogunlọ́gọ̀ èèyàn ju ìdá ńlá lára èèyàn ìwọ̀nba lọ. Bákan náà, ikú tí àrùn ń pa kì í dúró sójú kan. Níbi tí atẹ́gùn ọ́síjìn bá ti tán, ẹni tí ì bá yè náà máa kú.

Àwọn kan nínú ìjọba máa ń sọ fún wa pé bí àwọn bá sọ pé "ó lè jẹ́ báyìí, ó sì lè jẹ́ báyìí", ẹ̀rù á ba àwọn èèyàn, wọn ò sì ní gba àwọn gbọ́ mọ́. A ò gbà. Nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fún aboyún, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ọmọ lè ṣáájú rẹ̀ tàbí kó kọjá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. A ò tíì gbọ́ pé wọ́n pe nọ́ọ̀sì ní òpùrọ́ torí ẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n pe èèyàn ní òpùrọ́ ni kó fi ìdánilójú sọ ohun tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Àwọn onísọkúsọ orí ayélujára kò nílò ju àfo tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ lọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlera, níbikíbi tí wọ́n bá wà, ni pé kí wọ́n má dúró di ìgbà tí àrùn bá kúrò kí wọ́n tó wá ẹni tí àyẹ̀wò ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Sípéènì ṣe é. Láàárín ìparí oṣù Igbe sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí 2020, wọ́n mú ìdílé láìṣàṣàyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó lé ní 60,000 wò. Wọ́n rí àmì pé àrùn náà ti kọjá lára nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá àwọn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló parí àríyànjiyàn oṣù bíi mélòó kan. Orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó Sípéènì lè ṣe tirẹ̀ níwọ̀nba ní ìlú kan ṣoṣo, ó sàn ju àbá lásán lọ.

Èyí tó ṣòro jù ni ìwé ikú. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú òkú mẹ́wàá láyé, mẹ́rin ni kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, pé ní ẹkùn Áfíríkà, òkú kan péré nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò mọ iye èèyàn tó ń kú níbẹ̀ lọ́dún tí kò sí àjàkálẹ̀ kankan kò lè mọ iye tí àjàkálẹ̀ fi kún un. Owó ìforúkọsílẹ̀ ikú ló yẹ kó wà nínú ètò ìṣúná ìlera, kì í ṣe owó ìpolongo nìkan.

Ní tiwa níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, àṣẹ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn wa. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kankan lórí ikú àrùn tuntun kò ní wọ àkọlé ìròyìn wa mọ́, àfi bí iye tó kú, iye tí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún, àti iye tó ṣì wà lórí ibùsùn bá wà nínú ìròyìn kan náà. Bí aláṣẹ tó pe iye náà bá kọ̀ láti sọ èyí tó kù fún wa, a óò kọ ọ́ síbẹ̀ pé a bi í, kò dá wa lóhùn.