Ẹ̀jẹ̀ Kò Ní Ahọ́n

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Aláṣọ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó fún ewúro. Omi tí wọ́n ń bù sí i kì í tó nǹkan. Wọ́n á da ife kan mu, wọ́n á dijú, wọ́n á gbọn orí bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí, wọ́n á ní, "Ó ti bá a níbẹ̀." Ṣúgà ni wọ́n ń sọ pé ó bá. Láti ọdún mẹ́jọ tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, bí ọjọ́ wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá di ọ̀sán, wíìtì ni, ràápù mẹ́ta gbáko, torí "wíìtì ò ní ṣúgà." Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Wọ́n á rán ọmọ lọ ra bítà lẹ́mọ́ọ̀nù tútù wá. Ṣebí ó korò.

Ìyá Aláṣọ kọ́ ló dá a sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu alágbo, lẹ́nu pásítọ̀, kódà lẹ́nu ẹnìkan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì: àrùn adùn ni àtọ̀gbẹ, ohun kíkorò ló ń pa á. Bí ewúro, ejìnrìn, dógóyárò àti orógbó ṣe di oògùn rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nítorí ohun tó wà nínú wọn, bí kò ṣe nítorí bí wọ́n ṣe rí lẹ́nu. Mo mọ ibi tó ti wá. Tí a bá ń súre, oyin àti àádùn là ń gbé jáde. A kì í gbàdúrà kí ayé ẹni korò. Kíkorò àti dídùn ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá lédè wa tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kò gbọ́ èdè yẹn.

Gbàrà tí oúnjẹ bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè bó ṣe rí lẹ́nu. Inú ìfun la ti ń tú u. Wíìtì, àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀bà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú: ìfun á fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dùn bí oyin. Àmàlà mìíràn tiẹ̀ ní ìkorò díẹ̀ lára. Lóòótọ́, ọ̀kan lè yára dé inú ẹ̀jẹ̀ ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n ràápù mẹ́ta, ràápù mẹ́ta ni. Ti bítà lẹ́mọ́ọ̀nù ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: quinine ló mú un korò, ṣúgà ni wọ́n sì fi bo quinine náà kó lè ṣeé mu. Ẹni tó ń mu ún láti fi pa ṣúgà, ṣúgà ló ń mu.

Kò sì yẹ ká bú ahọ́n jù, torí òun ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Láyé ọdún 1670 sí 1679, Thomas Willis, dókítà kan ní Ìlú Ọba, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn yìí dùn bí ẹni pé wọ́n po oyin mọ́ ọn. Ní 1776, Matthew Dobson ní Liverpool gbé ìtọ̀ kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ohun tó kù nísàlẹ̀ sì jọ ṣúgà. Ó tún rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń dùn. Àwọn ìyá tiwa kò tọ́ ọ wò ní tiwọn, èèrà tó ń wá síbi tí aláìsàn bá tọ̀ sí ni wọ́n ń ṣọ́.

Ibi èèrà yẹn ni Ìyá Aláṣọ ti ṣi ìṣirò. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ewúro, èèrà ò wá sí ẹ̀yìn ilé mọ́, wọ́n sì kéde pé ó ti lọ. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ọsibítù, tí wọ́n sì pa mínírà dúdú tì, ṣùgbọ́n ewúro ló gba ìyìn. Nígbà tó yá, wọ́n pa oògùn náà tì pẹ̀lú. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kíndìnrín kì í dédé jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀. Ó di ìgbà tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá tó nǹkan bíi 180 lórí òṣùwọ̀n mg/dl. Bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ bá ti ní 126 nígbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Láàárín 126 sí 180, èèrà kò rí nǹkan kan. Ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló ń rí i.

Ibi tí wàhálà wà gan-an, ẹ̀yìn ikùn ni, níbi ẹran pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pancreas. Ní 1889, ní Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ ọ́ kúrò lára ajá, àtọ̀gbẹ sì mú ajá náà. Họ́mọ̀nù tó ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni ínsúlínì. Gáréèjì ọjà ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Aláṣọ: ọkọ̀ já iṣu sílẹ̀, alábàárù ló ń rù ú lọ sí ìsọ̀. Ṣúgà ni iṣu, ínsúlínì ni alábàárù, iṣan àti ọ̀rá ara wa ni ìsọ̀. Tí alábàárù ò bá sí rárá, irú tó sábà máa ń mú ọmọdé nìyẹn. Tí wọ́n bá wà, ṣùgbọ́n tó ti rẹ̀ wọ́n, tí àwọn onísọ̀ ò tún fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ti àgbà nìyẹn. Iṣu á kún gáréèjì, ebi á sì máa pa ọjà. Ẹ máa bu omi ewúro sórí iṣu náà títí di ọ̀la, kò ní tìtorí ẹ̀ dìde rìn lọ sí ìsọ̀.

Bí ó ṣe ń rí nígbà tí alábàárù kò sí, ẹ wo Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 ní Toronto. Ebi ni wọ́n fi ń tọ́jú irú wọn nígbà náà, ó ti rù kan eegun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1922, wọ́n fi ohun tí Frederick Banting àti Charles Best fún jáde láti inú pancreas màlúù gún un lábẹ́rẹ́. Kò ṣiṣẹ́ tó, ojú abẹ́rẹ́ sì wú. James Collip tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sẹ́ ẹ kó tún mọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23 wọ́n tún gún un, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀ láti 520 sí 120 láàárín ọjọ́ kan. Ọdún 13 ló tún lò láyé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra ewé o. Metformin tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ, ìran ewé ni. Galega officinalis ni orúkọ ewé náà, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó ní Yúróòpù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n tọpa títí dé irú èyí tí Jean Sterne fún aláìsàn ní Faransé, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1957. Ẹ̀dọ̀ ni metformin ń ká lọ́wọ́ kò kó má máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó korò, ẹni tó bá ṣèèṣì fọ́ ọ lẹ́nu á mọ̀, ṣùgbọ́n odidi là ń gbé e mì. Exenatide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ńkọ́? Inú oró aláǹgbá ńlá kan ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, Gila monster, ni John Eng ti rí ohun tí wọ́n fara wé tí wọ́n fi ṣe é. 2005 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá oró aláǹgbá korò.

Ẹ tún wo iṣin. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti bá ọkọ̀ òkun dé Jàmáíkà, ó ti di oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Èyí tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi ní májèlé hypoglycin nínú, tó ń já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀ débi pé ẹni tó jẹ ẹ́ á máa bì, á dákú, ó sì lè kú. Ó ń mú ṣúgà wálẹ̀ dáadáa. Ta ló máa gbà á bí oògùn?

Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ewúro ní yunifásítì wa lóòótọ́. Lára eku ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi kẹ́míkà alloxan tàbí streptozotocin ba ibi tó ń ṣe ínsúlínì jẹ́, wọ́n á fún eku ní omi ewúro, wọ́n á máa wọn ṣúgà rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wálẹ̀. Mi ò fojú di í, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n eku kì í jẹ ràápù wíìtì mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í sì í ṣe ogún ọdún. Ẹ fi wé èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1977: ènìyàn 5,102 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àtọ̀gbẹ lára wọn, ní ọsibítù 23, àwọn ará Kàríbíánì tí wọ́n jẹ́ ìran Áfíríkà wà láàárín wọn. Kèké ni wọ́n fi pín ọ̀pọ̀ wọn, kí dókítà má baà ṣa ẹni tó wù ú. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún mẹ́wàá, èsì jáde ní 1998: ìpalára ojú àti kíndìnrín fi ìdá 25 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí oògùn ká ṣúgà wọn lọ́wọ́ kò dáadáa. Ìgbà tí ewúro bá la irú èyí kọjá, èmi fúnra mi á fún un fún yín.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Aláṣọ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ni ọmọ kan bá sáré tẹ̀ lé wọn: "Màmá, bàtà yín rèé!" Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì ti bọ́ sílẹ̀ láti bí ilé mẹ́rin sẹ́yìn. Wọn ò mọ̀. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta, wọn ò mọ̀. Ṣúgà ti ń jẹ iṣan tó ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Mo gbé wọn lọ ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń wo ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Ewúro àárọ̀ ọjọ́ kan ò lè tan ìyẹn jẹ. Tó bá ti tó ìdá 6.5 nínú 100, àtọ̀gbẹ ni. Tiwọn jẹ́ 11.4.

Wọ́n ti padà sídìí oògùn. Ewúro ṣì ń wọ inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọn, dókítà kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ó kàn ní kí wọ́n sọ fún òun tí wọ́n bá tún fẹ́ máa mu omi rẹ̀ mọ́ oògùn, torí ṣúgà tó bá já jù náà ń gbé ènìyàn ṣubú. Ìjà tó kù, ti wíìtì ni. Dókítà ní kó má ju ìkúùkù wọn kan lọ, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ jù ú. Ìyá Aláṣọ di ọwọ́, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá wò mí.

"Ṣé bí ọwọ́ mi ṣe kéré tó nìyí ni?"