Ṣé Kí N Má Ṣí Láptọ́ọ̀pù Tí Mo Fowó Mi Rà Ni?

Ẹ bá mi bi àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù mi léèrè. Kí ni èèyàn ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe bí kò bá ní ṣí i, kó sì pa á dé? N kò fi dáná, n kò gbé e fún ọmọdé gùn. Ṣíṣí àti pípadé ni iṣẹ́ tí hínjì rẹ̀, irin tó so síkírínì mọ́ ìsàlẹ̀, wá ṣe láyé, kò níṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí hínjì apá òsì tèmi já, tó fa ike ìdí rẹ̀ ya pẹ̀rẹ̀, èsì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́ sí mi ni pé àṣìlò oníbàárà ló fà á. Àṣìlò! Pé mo ṣí ohun tí mo fowó mi rà!

Mi ò rà á lójú títì o. Ilé ìtajà tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ni mo wọ̀. Mo gba rìsíìtì, mo gba káàdì wáráńtì ọdún kan, mo tọ́jú páálí rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ìwé owó àwọn onílé ìtajà kéékèèké ni mo ń bá wọn ṣe, orí tábìlì ni láptọ́ọ̀pù yìí ń gbé láti àárọ̀ títí alẹ́. Kì í bá mi lọ ibi àríyá. Wáráńtì yẹn parí, a ò tíì kúrò nínú oṣù tó parí yẹn, tí etí òsì rẹ̀ fi dún kẹ́ kan, mo sì rí i tí ike ń là sọ́tọ̀ lójú mi kòrókòró.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: mo ti lọ bá wọn kí wáráńtì tó parí. Hínjì náà le ju bó ṣe yẹ lọ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Bí mo bá fi ọwọ́ kan ṣí i, odindi láptọ́ọ̀pù ló máa bá a dìde lórí tábìlì, àfi kí n fi ọwọ́ kejì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sí ibùdó àtúnṣe wọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ṣí i, ó pa á dé, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tuntun ni, ó máa rọ̀ tó bá yá." Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Nígbà tí mo padà lọ pẹ̀lú èyí tó ti já, wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà wọn títí, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé mo wá ríbẹ̀ rí. Ọmọkùnrin yẹn náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe rí nínú, torí mo dúró ti ẹni tó tú u, mo sì fojú ara mi rí i. Hínjì fúnra rẹ̀, irin ni, ó le koko, kò sóhun tó ṣe é. Apá kan rẹ̀ gun ẹ̀yìn síkírínì lọ, apá kejì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ ibi tí bọ́tìnì ìtẹ̀wé wà. Sìkúrúù ni wọ́n fi dè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú kí wá ni sìkúrúù náà wọ̀? Inú róńdó idẹ róbótó kan báyìí ni, èyí tó kéré débi pé nígbà tí ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀, a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá a lábẹ́ tábìlì kó tó di pé a rí i. Inú kí ni wọ́n sì ri idẹ yẹn mọ́? Inú òpó ike pẹ́ńpẹ́ kan. Ike! Irin ń fa idẹ, idẹ ń fa ike, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù láti wo nǹkan kan, ike yẹn ló ń jẹ gbogbo ìyà rẹ̀. Bí hínjì bá ṣe le tó ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ tó. Ó máa kọ́kọ́ sán díẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí, á tún sán sí i, títí ọjọ́ tí idẹ máa fà yọ tòun ti ike tó rọ̀gbà yí i ká.

Bó bá ti já, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Hínjì kò ní yí mọ́, ṣe ló máa bá síkírínì dìde, á máa wú ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù sókè, á sì máa ya férémù ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ hínjì yìí kan náà ni wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sí síkírínì gbà kọjá. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kó tó wá dúdú kirikiri. Ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí bátìrì rẹ̀ dára, tí gbogbo iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, ike kékeré ló fẹ́ pa á.

Wọ́n á ní kí láptọ́ọ̀pù lè tín-ín-rín ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ẹ lọ wo àwọn láptọ́ọ̀pù ThinkPad àtijọ́, àwọn tí lẹ́tà T wà níwájú nọ́ńbà wọn yẹn, tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Òmíràn ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, lẹ́tà ti pa rẹ́ lára bọ́tìnì, hínjì rẹ̀ dúró digbí, torí férémù irin magnísíọ̀mù ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà. Wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Owó ni wọn ò fẹ́ ná.

Mo pe nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà-wa-ni-ọba. Orin, orin, orin. Ìgbà tí ẹnì kan wá gbé e, ọmọbìnrin tó ń pè mí ní "sir" ní gbogbo gbólóhùn, ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo yà á. Èsì ni èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: àṣìlò, wáráńtì kò bo nǹkan tó bá fọ́ lára, àti pé wáráńtì ọ̀hún gan-an ti parí. Ẹ wo àrékérekè yẹn dáadáa. Ká ní kò tíì parí, wọ́n á ní èmi ni mo fọ́ ọ. Nígbà tó ti wá parí, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Ìgbà wo gan-an ni wáráńtì yìí fẹ́ ṣiṣẹ́ fún hínjì?

Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí àwọn tún un ṣe, àwọn kì í ta hínjì tàbí ike yẹn nìkan, odindi ike ẹ̀yìn àti ti ìsàlẹ̀ ni mo máa rà, òkè òkun ló sì máa ti wá. Iye tí wọ́n pè lé ní ìdajì owó tí mo fi ra láptọ́ọ̀pù náà. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní dọ́là ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ já èèyàn jẹ nílẹ̀ yìí, dọ́là ló ń fi bójú. Wọn ò fi dọ́là san owó oṣù mi.

Bí mo ṣe dé Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò Otigba n'Ìkẹjà, nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Otigba mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn rìn lọ́nà, wọ́n á máa fa ẹ lápá ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣe rí bí mo ṣe gbá láptọ́ọ̀pù náà mọ́ àyà láìpa á dé tán, òkèèrè ló ti kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, hínjì ni!" Mi ò tíì la ẹnu o. Ó mú mi gun òkè lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Ẹ wò ó, àwọn ẹ̀gbọ́n yín rèé." Ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù irú tèmi gẹ́lẹ́ ló kún inú páálí yẹn, tí wọ́n ti tú ẹ̀yà ara wọn yòókù tà. Etí òsì ni gbogbo wọn ti fọ́. Ojú kan náà, òpó ike kan náà.

Ó dáa. Gbogbo wa ló wá pàdé pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tá a jọ pinnu pé etí òsì la máa ṣì lò? Àbí báwo?

Mi ò ní ba àwọn ọmọ Otigba jẹ́ láéláé. Ẹni yẹn ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà tó wà fún mi. Ó ní àwọn kan máa ń da Super Glue sí i, wọ́n á bu sódà funfun tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì lé e, á gan lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ já padà. Àwọn kan ń lo gọ́ọ̀mù Araldite, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó fọkàn tán jù ni pé kó lu ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù náà jáde, kó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de hínjì mọ́ ọn tààrà. Ó tún tú nọ́ọ̀tì ara hínjì díẹ̀ kó lè rọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ló fi ṣe ìyẹn. Ohun tí ọmọ káńtà ọjọ́sí ní ó máa ṣe ara rẹ̀! Láptọ́ọ̀pù mi ti ń ṣiṣẹ́ o, mo kàn ní láti tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kí orí bóòtù má baà ha tábìlì.

Mo ti sọ fún àwọn kan, wọ́n ní kí n máa ti àárín ṣí i, kí n má ti ẹ̀gbẹ́ ṣí i mọ́. Ẹ ṣeun. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹlòmíràn ní ká ní Mac ni mo rà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ fún mi lówó rẹ̀ ni?

Àbúrò mi kan ní London ra ẹ̀yà kan náà, tiẹ̀ náà já. Ó ní òfin oníbàárà wọn ti ọdún 2015 kò bá wáráńtì kú, ní England èèyàn lè bá ẹni tó ta ọjà fún un ṣẹjọ́ títí di ọdún mẹ́fà. Lóòótọ́, bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ bá ti kọjá, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn pé àléébù ti wà lára ọjà látilẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ránṣẹ́, ẹni tó tà á fún un sì bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láptọ́ọ̀pù kan náà, ike kan náà! Àwa náà kúkú ní òfin. Òfin ti ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó má lábùkù, kó sì tọ́ fún àsìkò tó bójú mu bí a bá ń lò ó bó ṣe yẹ. Mo ti ya fọ́tò páálí Otigba yẹn, mo sì ti kó o mọ́ ẹ̀sùn tí mo kọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà á wá ṣàlàyé fún wọn irú àṣìlò tó ń mú etí òsì nìkan.

Àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà tilẹ̀ ti kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ṣí i, wọ́n ní nítorí pé àwọn mọyì mi gẹ́gẹ́ bí oníbàárà pàtàkì, àwọn fún mi ní ẹ̀dínwó lórí tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí i. Ó tún tín-ín-rín ju tèmi lọ. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: inú irin ni sìkúrúù hínjì rẹ̀ wọ̀ ni, àbí inú ike? Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí àwọn, àwọn ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń tajà.