Ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe Potogí ló dá Àjàṣẹ́ sílẹ̀ o

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán lónìí. Ẹ gbé fótò Porto-Novo, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, sórí Facebook báyìí, ì báà ṣe mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn, ì báà ṣe àwọn ilé àtijọ́ tó ní fèrèsé gíga-gíga, kó tó pẹ́ ẹnìkan á ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ìlú táwọn Potogí kọ́ rèé". Ẹlòmíì á ní àwọn ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, ṣebí orúkọ tí wọ́n fún un ló ṣì ń jẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ gan-an ń sọ ọ́, àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri ìlú ń sọ ọ́, àwọn ará wa tó ti Èkó àti Ìbàdàn wá kí wa náà gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Potogí ò dá ìlú yìí sílẹ̀, wọn ò ṣàkóso ẹ̀ rí, àwọn ilé tá a ń nàka sí yẹn náà, kì í ṣe àwọn ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀. Oníṣòwò Potogí kan tó ń jẹ́ Eucaristo de Campos ni ìtàn sọ pé ó pe ibẹ̀ ní Porto-Novo, ní nǹkan bí ọdún 1752. Òwò ló gbé e wá o, òwò ẹrú sì ni. Ẹ wo ibi tí ìlú wà ná: Àjàṣẹ́ ò sí létí òkun, etí ọ̀sà ló wà, ọkọ̀ òkun ò lè dé iwájú ààfin, apá Sèmè níbi tí iyanrìn òkun wà lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ òyìnbó ti máa ń dúró. Ìgbà tí Campos fi máa dé, ọba ti ń jẹ lórí ọba nínú ìlú. Kọ́sítọ́mà tó wá ra ẹ̀kọ, tó wá fún ọmọ ẹlẹ́kọ ní orúkọ tó wù ú, ìyẹn ò sọ ọ́ di bàbá ọmọ. Àwọn òyìnbó tó ń bá ìlú ṣòwò láyé ìgbà yẹn pàápàá, Ardra ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ sínú ìwé wọn, torí wọ́n mọ̀ pé ìdílé ọba Allada, ìjọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ardra, ló ń jọba níbẹ̀. Àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu, a ò sì fi ọjọ́ kankan dáwọ́ ẹ̀ dúró títí dòní.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ rí. Nínú àwọn tí àkọsílẹ̀ dárúkọ pé ó ṣí èbúté yẹn fún òwò ẹrú, ẹnìkan wà tó ń jẹ́ João de Oliveira, ọdún 1758 ni wọ́n fi í sí. Ẹ gbọ́ orúkọ, ẹ ti rò pé Potogí ni, àbí? Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní kékeré, ó padà wá sí etí òkun wa, ó wá di oníṣòwò ẹrú fúnra ẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé orúkọ Potogí lára èèyàn ò sọ ẹni náà di Potogí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń jẹ́ da Silva àti Paraïso.

Ta ló wá dá ìlú sílẹ̀? Ẹ lọ sí Accron, àdúgbò kan nínú ìlú. Àwọn àgbà ibẹ̀ á sọ fún yín pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, pé níbẹ̀ ni wọ́n ti rí abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án, ojúbọ ẹ̀, Aborí-mẹ́sàn-án, sì wà níbẹ̀ dòní, ẹ lè fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tè-Agbanlin dé pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀ láti Allada, nítorí ìjà oyè, ọ̀pọ̀ ló fi í sí nǹkan bí 1688, òun ló sì dá ìjọba tá a mọ̀ sí ìjọba Hogbonu sílẹ̀. Nígbà tí Agaja ọba Dahomey wá fọ́ Allada ní 1724, àwọn tó sá àsálà níbẹ̀ tún wá kún ìlú. Bí Ègùn àti Yorùbá ṣe di ará ilé kan náà nìyẹn, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn, tí Zangbeto, eégún àwọn Ègùn, ń jáde tí Egúngún náà ń jáde, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá á fi Ègùn dá ìyá ẹ̀ lóhùn, á yíjú, á fi Yorùbá kí bàbá àgbà ẹ̀. Títí dòní náà, yàtọ̀ sí ọba ààfin, ìlú ní Zounon, tí wọ́n ń pè ní ọba òru, ìtàn ìlú sì so oyè yẹn mọ́ àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ kí Tè-Agbanlin tó dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ta ló ni ìlú jù láàárín Ègùn àti Yorùbá, èmi ò bá wọn dá sí i. Ní tèmi o, àwọn ọdẹ Accron ló kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọmọ Tè-Agbanlin ló sọ ọ́ di ìjọba, kò sí Potogí kankan nínú méjèèjì.

Omi ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ẹni tó bá dúró sétí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀, tó ń wo àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń ti Aguégués bọ̀, á rí i fúnra ẹ̀. Odò Wẹ̀mẹ̀ ń ti òkè bọ̀, ọ̀sà gba ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn já sí adágún Nokoué níbi tí Ganvié, abúlé orí omi, wà, ó gba ọwọ́ ìlà oòrùn lọ sí Àgbádárìgì títí dé Èkó. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè ti Àjàṣẹ́ dé Èkó láìfojú kan òkun! Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ fi fẹ́ràn ibẹ̀ láyé Aláàfin Abíọ́dún, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó ẹrú lọ tà fún òyìnbó, tí wọ́n sì ń kó ọjà bọ̀. Dahomey fẹ́ kọlu ìlú náà, Aláàfin kìlọ̀ fún wọn. Archibald Dalzel, oníṣòwò ẹrú òyìnbó tó gbé ní Ouidah, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1793 pé Aláàfin ní igbá Ọ̀yọ́ ni Ardra (Àjàṣẹ́ náà nìyẹn), kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹun nínú ẹ̀ àfi òun nìkan. Ẹ tún un kà. Ẹni tí apá ẹ̀ ká ìlú nígbà yẹn, Ọ̀yọ́ ló jókòó sí, kì í ṣe Lisbon. Potogí wá ra èèyàn, àwọn tiwa ló tà á fún wọn, ìtìjú ńlá ni, kò sì yẹ ká fi bò.

Ó wá ku àwọn ilé yẹn, torí àwọn ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀rí. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bràsíìlì, àwọn ilé alájà tó ní òdòdó lára ògiri, àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin. Àwọn Àgùdà ló kọ́ wọn. Àwọn wo ni Àgùdà? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n padà wálé ni, àtàwọn ọmọ wọn. Àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ gan-an nínú wọn, gbógun dìde ní Bahia ní 1835, ìjọba ibẹ̀ wá dẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíì fi owó ara wọn wọkọ̀, wọ́n dé Èkó, Àgbádárìgì, Ouidah, Àjàṣẹ́. Ọwọ́ tó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lábẹ́ pàṣán, òun náà ni wọ́n fi kọ́lé fún ara wọn nígbà tí wọ́n dé. José Paraïso, Yorùbá ni, ẹrú tó ń fárí fún èèyàn ló jẹ́ ní Bràsíìlì, ọmọ ẹ̀ Ignacio Paraïso wá di Mùsùlùmí pàtàkì nínú ìlú àti olùdámọ̀ràn ọba Toffa. Nǹkan bí 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó parí. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo Àgùdà ni ọwọ́ wọn mọ́, àwọn kan nínú wọn dé tán wọ́n tún ta ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹ feijoada, ẹ̀wà ẹlẹ́ran àwọn ará Bràsíìlì, lọ́jọ́ àjọ̀dún Bonfim tí àwọn Àgùdà ń ṣe ní January, tó ń tẹ̀lé bourian, eégún àwọn Àgùdà, kiri ìlú, tó sì ń jẹ́ da Silva, ẹ má pè é ní ọmọ Potogí torí ọlọ́run. Orúkọ tí wọ́n kọ lé ẹrú lórí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí Potogí kọ́ ní ilẹ̀ wa, ẹ lọ sí Ouidah, ẹ wo odi wọn tó wà níbẹ̀ láti 1721, ìjọba Dahomey tó gba òmìnira, ìyẹn orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà yẹn, ló lé wọn jáde ní 1961. Ní Àjàṣẹ́, òyìnbó tó kọ́kọ́ yọ ìlú lẹ́nu gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yìnbọn sí i látojú omi ní 1861. Ọba Sodji wá sá sábẹ́ Faransé ní 1863, Toffa tún àdéhùn yẹn ṣe ní àwọn ọdún 1880, nígbà tó sì kú ní 1908, Faransé ò jẹ́ kí àwọn tó tẹ̀lé e jọba bí ọba mọ́. Ní 1923 àwọn ará ìlú yarí nítorí owó orí, wọ́n rán Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, lọ sígbèkùn ní Mauritania. Faransé ni gbogbo èyí. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Kútọnu ni olú-ìlú Benin, òfin 1990 kọ ọ́ síbẹ̀ ní abala àkọ́kọ́ pé Porto-Novo ni, ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà.

Ohun tó ń ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ilé Àgùdà tó ń wó. Amọ̀ pupa ló wà nínú ògiri wọn, òjò ń wọ̀ ọ́, òrùlé ń jábọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí pọ̀ lórí ogún kan, òmíì ń bẹ ní Kútọnu, òmíì ní Paris, wọn ò fẹnu kò. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kọjá lẹ́bàá irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun òyìnbó ni wọ́n rò pé ó ń wó, kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ dákun, ẹ bi àwọn bàbá àtàwọn ìyá àgbà yín kí wọ́n tó lọ: ta ló ni ilé yìí, ta ni bíríkìlà tó mọ ọ́n, ìlú wo ni wọ́n ti kó o lẹ́rú, ọdún wo ló dé? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ kọ orúkọ náà sára ilé, kó hàn dáadáa.