Ṣé èmi ni mo tóbi jù ni, àbí ìbọn yìí ló kéré?

Gìrìpá: Ẹ kú eré o, ẹ̀yin tá a jọ ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 4, mo wúwo tó kìlò 125. Ẹlẹ́nu méjì ni ìbọn mi, ọ̀kan gun orí èkejì, 12 bọ́ọ̀ (bí ihò ọ̀pá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn). Láti tìrígà dé ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 14½, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde nìyẹn. Kí n tó yìn ín tó ìgbà 50, àtàǹpàkò mi á ti máa gbá mi nímú. Lánàá ètè mi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kán sórí igi ìbọn. Ṣé kí n wá nǹkan fi mú ìdí rẹ̀ gùn sí i ni, àbí kí n tà á, kí n ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ tó ínǹṣì 32? 30 àbí 32? Ẹ dákun.

Awẹ́lẹ́wà: Kìlò 125! Ìbọn ló yẹ ká bá kẹ́dùn.

Má-sùn-lọ: Máa sáré láràárọ̀, ọ̀gá. Owó rẹ̀ ò tó ti ìbọn.

Gìrìpá: Ṣé sísáré ló máa gé apá mi kúrú?

Bàbá Atamátàsé: Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ká apá rẹ, fi ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, na ìka sí tìrígà. Bó bá dé e géérégé, ìbọn rẹ nìyẹn. Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń fi wọn ìbọn.

Ojúlówó: Ẹ má bínú o, bàbá, ṣé ìgúnpá lẹ fi ń yìnbọn ni? Èjìká ni ìdí ìbọn ń jókòó sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lèèyàn ń gbé lé e. Èèyàn méjì lè ní apá kan náà, kí ọ̀kan ní ọrùn bíi lékelèke, kí orí èkejì jókòó sórí èjìká tààrà. Ìgúnpá ò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Yìn-ín-ná: Ínǹṣì 32 tó o ń wí, iwájú ló wà. Ẹ̀yìn ló ti ń gbá ọ nímú.

Ọ̀mọ̀wé Orí Ayélujára: Ẹ yé pè é ní àwo amọ̀. Kò sí amọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀dà àti òkúta ẹfun lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Awẹ́lẹ́wà: Ọ̀dà tàbí amọ̀, ṣé ìyẹn ló ń gbá a nímú?

Ọ̀mọ̀wé Orí Ayélujára: Mo kàn ń sọ òótọ́ ni. Mìlímítà 110 ni fífẹ̀ rẹ̀, gíráàmù 105 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ lè wọ̀n ọ́n.

Bàbá Atamátàsé: @Ojúlówó, 23 nínú 25 ni mo fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgúnpá náà ni.

Ojúlówó: Ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ, bàbá, ìgúnpá kọ́. Ìbọn ilé iṣẹ́ ṣèèṣì bá yín mu ni, torí apá yín ò gùn. Ẹni tó ga bíi Gìrìpá lè nílò ínǹṣì 15 tàbí 15½. Kó gbé ìbọn sí èjìká, kó wo àlàfo àárín imú àti àtàǹpàkò. Ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó gba ibẹ̀.

Bàbá Atamátàsé: Ta ni apá rẹ̀ ò gùn? Ṣé o ti rí mi rí ni?

Awẹ́lẹ́wà: Bàbá, ẹ fi fọ́tò apá síbí.

Ṣe-é-kíá: Ra èyí tó ń ki ara rẹ̀. Gáàsì tí ọta ń tú jáde ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í gbáni tó ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń ní àwọn ike pẹlẹbẹ nínú páálí, tí wàá fi gbé ìdí rẹ̀ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. O ò nílò káfíńtà kankan.

Yìn-ín-ná: Ẹni tó bá dúró lápá ọ̀tún rẹ ńkọ́? Páálí ọta tó ti yìn á máa fò lù ú létí.

Ṣe-é-kíá: Kó sún síwájú.

Ìyá Ẹlẹ́nu Méjì: Àyà ló yẹ kẹ́ ẹ bi arákùnrin yìí, ẹ fi apá sílẹ̀. Èmi náà kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn ló máa ń gún mi láyà, ibẹ̀ á ti wú kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gé ìsàlẹ̀ yẹn dínkù díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún kó má forí sọ mí láyà mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún náà tún ńkọ́. Ó máa ń ti ojú kúrò lórí ìlà ọ̀pá. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún á máa yìn ín sósì, á ní ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Ìdí ìbọn tó bá tẹ̀ sọ́tùn-ún tó ló ń mú ojú padà sórí ìlà. Ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Má-sùn-lọ: Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n sísáré náà dára.

Bàbá Atamátàsé: ÌGÚNPÁ. Mo tún un sọ. ÌGÚNPÁ.

Ojúlówó: Bàbá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fi bébà ńlá kọ́ ogiri, ẹ dúró ní yáàdì 16, ẹ gbé ìbọn lójijì bí ìgbà tí àwo fò, ẹ má fojú tọ́ ọ, ẹ kàn yìn ín. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i? Ínǹṣì kan tí ọta bá fi yẹ̀ lórí bébà, ìdá kan nínú 16 ti ínǹṣì kan ni wọ́n ń fi tún igi ìdí ìbọn ṣe. Ojú yín ló dà bí àmì ìfojúsùn ẹ̀yìn ìbọn. Bó bá yẹ̀, ọta á yẹ̀.

Bàbá Atamátàsé: Mi ò ní bébà ńlá. Mo ní ìgúnpá.

Ọ̀mọ̀wé Orí Ayélujára: Yáàdì 16 dín díẹ̀ ní mítà 15.

Yìn-ín-ná: Gìrìpá, ọta wo lo tiẹ̀ ń yìn? Bọ́ sí èyí tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 24, ìyẹn náà ni wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì. Kí ìbọn rẹ sì wúwo tó kìlò mẹ́ta àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífúyẹ́ ìbọn lára ẹni tó tóbi ẹ̀tàn ni. Èjìká ló máa san án.

Ojúlówó: Bàbá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí lékelèke.

Bàbá Atamátàsé: Mi ò bá ọmọ àná sọ̀rọ̀ ẹyẹ.

Gìrìpá: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ya rọ́bà tí wọ́n ń fi bọ ẹ̀yìn ìbọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó fi ínǹṣì kan kún un. Imú mi bọ́. Ṣùgbọ́n báyìí, bí mo bá ń gbé e sókè, ìdí rẹ̀ ń há mi lábíyá, àwo á ti lọ kó tó dé èjìká. Ṣé ó ti gùn jù ni? Ẹ ò sì tíì sọ bóyá 30 ni tàbí 32.

Bàbá Atamátàsé: Ṣé o fi ìgúnpá wọ̀n ọ́n?